Oúnjẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Sè: Àyẹ̀wò Ẹ̀fẹ̀ Edward Lear

Bí a bá ti pa àlọ́ tán ní kíláàsì, ìbéèrè tí olùkọ́ máa ń bi wá ni pé, "Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?" A ti mọ ìdáhùn rẹ̀ sórí: kí á má ṣe ojúkòkòrò, kí á má ṣe purọ́, kí á máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ìbéèrè náà dára, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kan wà tí ìwé rẹ̀ kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń se oúnjẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka wákàtí, ó wọn èròjà. Nígbà tí oúnjẹ náà wá jinná tán, ó ní kí á bù ú sínú àwo tó mọ́, kí á sì yára da gbogbo rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé. Kí ni ẹ̀kọ́ inú èyí?

Edward Lear ni orúkọ òǹkọ̀wé náà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wo mẹ́ta nínú àwọn ohun tó fi ń ṣeré: ìlànà oúnjẹ sísè, ewì kéékèèké apanilẹ́rìn-ín, àti ọ̀rọ̀ tó dà bí àlọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìsọkúsọ lásán ni wọ́n. Èmi gbà pé iṣẹ́ ẹni tó mọ òfin dunjú ni wọ́n, àti pé ìrora kan wà lábẹ́ ẹ̀rín náà tó kan àwa tí a wà ní ilé-ìwé lónìí. Síbẹ̀, n kò ní yìn ín kọjá ibi tí ìyìn tọ́ sí i.

Kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Wọ́n bí Lear ní Holloway, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1812. Ọmọ 21 ni wọ́n ní ìyá rẹ̀ bí, òun ló sì ṣìkejì àbíkẹ́yìn. Nígbà tí owó bàbá rẹ̀ dàrú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Ann, tó fi ọdún 21 jù ú lọ, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, Ann ló sì tọ́ ọ dàgbà. Kò lọ sí ilé-ìwé púpọ̀. Yíyàwòrán ni ó fi ń jẹun láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́langba. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 18 ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àwòrán ẹyẹ odídẹ àti àwọn ìbátan rẹ̀. Kò yà wọ́n láti ara òkú ẹyẹ tí wọ́n kó nǹkan sínú rẹ̀ bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe, àwọn ẹyẹ tó wà láàyè ló jókòó tì. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjòyè ńlá kan, Earl ti Derby, fi ké sí i wá sí ààfin rẹ̀ ní Knowsley láti wá ya àwọn ẹranko tó ń sìn níbẹ̀. Àwọn ọmọdé inú ààfin náà ni ó kọ́kọ́ ń kọ ewì ẹ̀fẹ̀ fún.

Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àyà rẹ̀ kò sì gba òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1837 ó gba Róòmù lọ. Láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ ń padà lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀, àtìpó ni. Ó gbé Róòmù, ó gbé erékùṣù Corfu, ó sì parí ayé rẹ̀ ní Sanremo ní etí òkun Ítálì, níbi tó kú sí ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1888. Ayàwòrán ilẹ̀ àti òkè ni ó ka ara rẹ̀ sí. Ó tilẹ̀ kọ́ Ọbabìnrin Victoria ní yíyàwòrán ní ọdún 1846. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, A Book of Nonsense, jáde, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwòrán ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ń ṣeré. Lónìí, eré yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ìparí ọdún 1870, ìlànà oúnjẹ mẹ́ta wà níbẹ̀. Lear díbọ́n pé inú ìwé ìròyìn kan ti oṣù kẹjọ ọdún náà ni òun ti rí wọn, àti pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bosh ló kọ wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ìsọkúsọ ni "bosh" túmọ̀ sí, nítorí náà Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsọkúsọ ló fẹ́ kọ́ wa ní oúnjẹ sísè. Ọ̀kan nínú oúnjẹ náà ni Amblongus Pie. Kò sí ẹni tó rí amblongus rí. A kò mọ̀ bóyá ẹja ni, bóyá èso ni, bóyá kòkòrò ni.

Síbẹ̀ ẹ wo bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní kí á mú amblongus tútù tó wúwo tó póùn mẹ́rin, ó sì tún un sọ pé kí á kúkú pè é ní mẹ́rin àbọ̀. Kí á dà wọ́n sínú ìkòkò kékeré, kí á bu omi bò wọ́n, kí á sè wọ́n fún wákàtí mẹ́jọ láìdáwọ́ dúró. Kí á da wàrà sí i, kí á tún sè é fún wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ata àti kọ́rì sí i, kí á gbé páànù náà lọ sí yàrá kejì, kí á gbé e sílẹ̀. Kí á tún gbé e padà wá. Kí á mì ín títí gbogbo amblongus náà yóò fi di aláwọ̀ elésè àlùkò tó ṣì. Ẹ̀yìn gbogbo wàhálà yìí, tí ó ju wákàtí méjìlá lọ, ni fèrèsé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Kì í ṣe pé amblongus kò sí nìkan. Ọmọdé lè dá orúkọ ohun tí kò sí sílẹ̀. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni àbọ̀ póùn yẹn. Ta ló ń fi àbọ̀ póùn ṣe àtúnṣe ìwọ̀n ohun tí kò sí? Ní ọdún 1861, ìwé Isabella Beeton lórí ìtọ́jú ilé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tàn kálẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ayé ìgbà náà mọ ohùn irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa: mú èyí, wọn tọ̀hún, sè é fún ìgbà báyìí. Ohùn náà ni Lear mú. Kò ba ohùn náà jẹ́ rárá. Gbogbo òfin ìlànà oúnjẹ ló tẹ̀lé, àfi ẹyọ kan ṣoṣo: pé ó yẹ kí a lè jẹ ohun tí a sè.

Ẹni tó bá rò pé èyí rọrùn, kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo kọ gbólóhùn méjì láti fi dán an wò. Èkíní nìyí: "Ẹ fi ìràwọ̀ se òkúta, kí ẹ fi òṣùpá jẹ ẹ́." Kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, nítorí pé láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni a ti mọ̀ pé irọ́ ni. Èkejì nìyí: "Ẹ gún ìdajì kọ́ńgò gbúrúńdún tí ẹ ti rẹ sómi láti àná. Ẹ fi asẹ́ tó dára sẹ́ ẹ. Bí kò bá tíì máa sunkún, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín sí èyí, ó sì bi mí pé ọjà wo ni wọ́n ti ń ta gbúrúńdún. Rírẹ, gígún àti sísẹ́ ni ó jẹ́ kí ó gbà mí gbọ́, ìgbà tó gbà mí gbọ́ tán ni ẹkún náà wá bá a lójijì. Iṣẹ́ ọwọ́ Lear nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ kí a gbára lé òun kí ó tó já wa sílẹ̀.

Mo wá dé orí àwọn ewì rẹ̀. Àwọn tí a mọ̀ jù ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní limerick, ewì kúkúrú tí a sábà máa ń tẹ̀ ní ìlà márùn-ún. Kì í ṣe òun ló dá irú ewì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ó tẹ èyí tó ju 200 jáde, ó sì ya àwòrán sí wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyí: arúgbó kan wà ní ìlú kan, ó ń ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe, àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀, ìlà ìkẹyìn á sì tún dárúkọ arúgbó náà. Ẹnì kan wà nínú wọn tí òwìwí, adìyẹ àti oríṣiríṣi ẹyẹ kọ́lé sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Ibí ni mo ti ní ẹjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Lear. Ìlà ìkẹyìn rẹ̀ kì í sábà gbé wa lọ sí ibi tuntun. Ó kàn ń padà sí orúkọ tó ti dá ní ìlà kìíní, bóyá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan. Ẹni tó bá gbè é lẹ́sẹ̀ yóò sọ pé bí ègbè orin ló ṣe rí, pé ọmọdé fẹ́ràn ohun tí ó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo gbà, bí a bá ka márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ogójì lórí ìjókòó kan, ó ń súni. Ìmọ̀ràn mi fún olùkọ́ tó bá fẹ́ lò wọ́n ni pé kí ó máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀.

Ohun kejì tí mo rí nínú wọn ló ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ń padà wá lọ́pọ̀ ìgbà: "wọn". "Wọn" ni àwọn ará ìlú. Ẹnì kan ní Whitehaven bá ẹyẹ ìwò jó. "Wọn" sọ pé kò bójú mu, wọ́n sì fọ́ ọ túútúú. Ẹlòmíràn ń lu agogo ńlá ní gbogbo ọjọ́. "Wọn" fọ́ òun náà. Aldous Huxley ti tọ́ka sí i pé "wọn" yìí dúró fún àwọn tó ń fi òfin àti làákàyè gbígbẹ mú gbogbo ayé, George Orwell sì gbè é lẹ́sẹ̀ nínú àròkọ tó kọ ní ọdún 1945. Orwell sọ ọ̀rọ̀ náà nípa òmìnira. Èmi fẹ́ sọ ọ́ nípa àìsàn.

Láti kékeré ni wárápá ti ń bá Edward Lear jà. Ó máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ó bá ń bọ̀, á sì fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ lọ sí ibi tó dá. Nínú ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, àmì àgbélébùú ló fi ń sàmì sí ọjọ́ tó bá gbé e. Ó fi pamọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé ìtìjú ńlá ni wọ́n ka àìsàn náà sí láyé ìgbà náà. Mo ka èyí, mo sì rántí ọmọ kan tí a jọ wà ní kíláàsì nígbà kan. Ó ṣubú níwájú wa ní ọjọ́ kan, àwọn kan sá, àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àti láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bá a pín àga jókòó. "Wọn" kò jìnnà rárá. Kì í ṣe Whitehaven nìkan ni wọ́n ń gbé.

Nítorí náà, nígbà tí Lear bá ń ya àwòrán arúgbó tó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, tí "wọn" sì ń lé e kiri, n kò gbà pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Yorùbá sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín. Ẹ tún wo àwọn ewì gígùn tó kọ nígbà tó dàgbà. Nínú ìwé ọdún 1870 yẹn náà ni àwọn Jumblies wà, tí wọ́n fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ṣe ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ènìyàn ló kìlọ̀ fún wọn pé wọ́n á rì. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n padà délé láyọ̀, àwọn tó ń kìlọ̀ sì sè àsè fún wọn, wọ́n ní àwọn náà á lọ. Nínú ewì yìí, ẹni tó yàtọ̀ borí "wọn". Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé Laughable Lyrics jáde ní ọdún 1876, Dong kan wà níbẹ̀ tí ọmọbìnrin Jumbly kan fi sílẹ̀ lọ, tó fi èèpo igi hun imú ńlá kan, tó gbé fìtílà sí i, tó ń fi í wá olólùfẹ́ rẹ̀ kiri lóru. Ẹ lè rẹ́rìn-ín sí imú náà. Ẹ kò lè rẹ́rìn-ín tí ẹ bá ti kà á dé òpin.

Eré kẹta rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dà bí àlọ́. Lear sọ ìtàn kan nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ More Nonsense. Ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, bàbá kan níbẹ̀ sì ń là á mọ́ àwọn èrò pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ Edward Lear láyé. Ó ní Earl ti Derby ló kọ ìwé náà: Edward ni orúkọ rẹ̀, bí a bá sì tú lẹ́tà inú "Earl" tí a tún un tò, "Lear" ni yóò jáde. Àlọ́ tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì bá a mu rẹ́gí, àmọ́ irọ́ ni. Lear ní láti ṣí fìlà rẹ̀ kí ó fi orúkọ tó wà nínú rẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n tó gbà pé òun wà láàyè.

Ìtàn yìí ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Lear àti àlọ́ àpamọ̀ wa. Àlọ́ àpamọ̀ máa ń ní ìdáhùn. Bí wọ́n bá bi wá nípa awẹ́ obì kan tí a jẹ dé Ọ̀yọ́ tí kò tán, gbogbo wa ni a ó pariwo pé ahọ́n ni. Ọ̀rọ̀ Lear kò ní ìdáhùn. Ó dá ọ̀rọ̀ "runcible" sílẹ̀, ó lò ó fún ṣíbí, ó lò ó fún ológbò, ó lò ó fún fìlà, kò sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Evelyn Baring tó jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ní ìkíni, ó ní ìdádúró, ó sì ní ìdágbére. Níhìn-ín, mo gbà pé àlọ́ tiwa ń kọ́ ọpọlọ ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń mú kí a ronú dé ibì kan. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń kọ́ etí. Ẹni tó ka lẹ́tà yẹn sókè yóò gbọ́ bí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rìn nígbà tí kò ru ẹrù kankan.

Ẹjọ́ mi kejì pẹ̀lú rẹ̀ kò ní àwíjàre. Nínú ìlànà oúnjẹ kẹta, Gosky Patties, ó ní kí á so ẹlẹ́dẹ̀ kan mọ́ òpó, kí á kó oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí á po àwọn èròjà mìíràn pọ̀, kí á sì máa fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ lu ẹlẹ́dẹ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, láti wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ yóò di oúnjẹ. Bí kò bá dì í, kí á tú ẹlẹ́dẹ̀ náà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ inú ìwé ni. Síbẹ̀, ẹni tó mọ bí "wọn" ṣe ń fọ́ aláìlágbára ni ó fi ọ̀pá lé wa lọ́wọ́ níhìn-ín, tó sì ní kí á rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ewì kéékèèké, àánú ẹni tí wọ́n ń lù máa ń ṣe wá. Níhìn-ín, àwa ni à ń lù. Ìlànà yìí ni mo kà sí èyí tó kùnà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo mọ̀ pé ìdánwò kì í bèèrè amblongus. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè kọ ìlànà oúnjẹ tí kò sí láìṣẹ̀ sí òfin kankan nínú ìlànà oúnjẹ, ọmọ náà ti mọ bí ìlànà ṣe ń ṣiṣẹ́ ju ẹni tó há ìlànà mẹ́wàá sórí lọ. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan. Ẹ má bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Kí ẹ kàn bi wọ́n pé ìlà wo ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àti pé kí nìdí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá ìwé Lear kà. Bí ẹ bá dé ibi tí "wọn" ti yọjú, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ wo àwòrán arúgbó náà dáadáa, kí ẹ tó wo àga tó ṣófo ní kíláàsì yín.